Èsì: Alápàńdẹ̀dẹ̀ abẹ́ òrùlé yín ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé alápàńdẹ̀dẹ̀ tó kọ́lé sábẹ́ òrùlé yín ló ń ti Yúróòpù wá. Rárá o. Àlejò ẹ̀ẹ̀rùn ni ti Yúróòpù: ó ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tó bá di nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, á padà lọ yé ẹyin lọ́hùn-ún. Kì í kọ́lé níbí.

Ọ̀fun ni kí ẹ wò. Ti àlejò pupa bí obì, ọ̀já dúdú sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Ti onílé, ìyẹn èyí tó ń gbé níbí bíi ti abẹ́ òrùlé yín, funfun, ọ̀já tirẹ̀ kò pàdé láàárín. Ẹnu ló fi ń ṣa ẹrẹ̀ ní ìṣù kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, iṣẹ́ àrà gbáà!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ilé rẹ̀ lulẹ̀. Kòkòrò tó ń fò ni wọ́n ń jẹ. Tí ìgbẹ́ wọn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀.