Tíṣà, ẹ má tíì mú pàṣán

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, Tíṣà Ìdààmú ti Ẹ̀pẹ́. Ẹ ní ìṣirò lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2, pé ọmọbìnrin ọdún 13 kan wà láàárín wọn, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ó ti gborí lé tábìlì. Ẹ ti ní kó kúnlẹ̀, ẹ ti nà án lẹ́ẹ̀mejì, kò jáwọ́. Nígbà tí ẹ wá fẹ́ fi sùúrù bá a lò, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín ní ẹ ń kẹ́ ọmọlọ́mọ bàjẹ́. Ẹ wá bi mí pé, "Àǹtí, ta ló jàre?"

Ẹ̀yin lẹ jàre. Àmọ́ pé ẹ gbé pàṣán jù sílẹ̀ nìkan kò tíì tó.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ kàn mẹ́nu bà tí ẹ sì kọjá. Ẹ ní nígbà tí ọmọ yìí nawọ́ gba ìwé rẹ̀, ìpẹ́ ẹja kan lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó jókòó tì í sì fọwọ́ bo imú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ọjà ẹja Olúwo kì í dúró de ọ̀lẹ. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yìí ti bá ìyá rẹ̀ kó ẹja, kó ti ha ìpẹ́, kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Àwọn oníṣègùn tó mọ̀ nípa oorun ní ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Èyí tó sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó jí ní aago mẹ́rin, wákàtí 6 péré ló sùn.

Ẹ gbọ́ o, "ó ṣeé ṣe" ni mo wí. Èmi náà ti kọ́ni rí. Ọmọkùnrin kan máa ń pẹ́ dé kíláàsì mi, mo nà án títí kò fi lanu sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí táàmù parí ni mo gbọ́ pé òun ló ń wẹ bàbá rẹ̀ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi sì ti sọ tèmi ní ọ̀lẹ láìwo ilé kankan. Mi ò bẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Nel Noddings, tó kú ní 2022. Tíṣà ìṣirò bíi tiyín ni kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ìtọ́jú kò tíì pé tí ẹni tí à ń tọ́jú kò bá mọ̀ ọ́n lára. Ẹnu ọmọ ni tíṣà ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ pè é nígbà ìsinmi, níta gbangba tí gbogbo èèyàn ti lè rí yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún pàṣán méjèèjì yẹn. Ẹ wá ní, "Mo rí i pé ó ń rẹ̀ ọ́. Aago mélòó lo jí lónìí?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ó lè má fèsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ tún bi í lọ́jọ́ mìíràn.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà ni, ẹ lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe bí ẹni tó wá mú un. Òun náà ń wá jíjẹ mímu ọmọ yìí ni. Ẹ jọ wo ọjọ́ tó lè fi í sílẹ̀ kó sùn. Àmọ́ ẹ má fi ìṣirò jì í o; èyí tó bá sùn gbàgbé, ẹ jẹ́ kó padà wá ṣe é. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ló ń dà á láàmú nílé, ẹ má ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ bá tíṣà tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn.

Ní ti àwọn tó ń fọwọ́ bo imú, ẹ bi wọ́n pé ta ni kò jẹ ẹja lánàá nínú wọn, ta ló sì dìde lóru kí ẹja náà tó dé abọ́ wọn.

Tí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ.