Bi Ẹ̀gbọ́n Dókítà: Mo Mọ Ìdáhùn, Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Mú Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo ti kàwé dókítà, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní jẹ́nẹ́rà ọsibítù kan l'Ọ́ṣun kí n tó wá sí UK, mo ti yege PLAB, ìdánwò tí dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ ní UK, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù báyìí. Mo ṣe ìntáfíù IMT, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn inú ara (internal medicine), lọ́dún tó kọjá, wọn ò mú mi, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta láìnì sí iṣan ọwọ́ aláìsàn, wọ́n mú wọn! Bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bi mí ni mo mọ̀. Mo tún ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí Oriel, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá àyè ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Ìyá Aláṣọ, Leicester

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo gbà pé o mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn tó ń wò ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ò rí inú ẹ, ohun tó bá ẹnu ẹ jáde nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì pè ẹ́ laago méjì òru, bàbá ẹni ọdún 72 tó ní nìmóníà, BP ẹ̀ ti já sí 85/50, ó ń mí lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kántankàntan. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ti Nàìjíríà wá, kíá la máa ní a máa ta láìnì, ká fún un ní áńtíbáyótìkì bíi ceftriaxone, ó parí. Kò burú, bàbá yẹn lè yè é lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ o ò sọ pé o béèrè NEWS2, máàkì tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn ṣe le tó, lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ nǹkan mẹ́ta tí wọ́n kà fún ẹ yẹn, mẹ́ta-mẹ́ta ni ìkọ̀ọ̀kan wọn gbà, ìyẹn ti di 9, tó bá ti pé 7 lásán kò sí jókòó mọ́. O ò ní kí nọ́ọ̀sì máa kó nǹkan sílẹ̀ dè ẹ́, o ò tẹ̀ lé ABCDE (ọ̀nà èémí, mímí, ìṣàn ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ, kó o wá wo gbogbo ara), o ò ní o máa gba ẹ̀jẹ̀ fún blood culture láti wá kòkòrò àìsàn kí áńtíbáyótìkì tó wọlé, lactate inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, ìtọ̀ tó ń tọ̀ ńkọ́?

Èyí tó wá burú jù ni pé o ò pe ọ̀gá. Mo mọ ibi tó ti wá o. Nílé, tó o bá jí consultant, ìyẹn dókítà àgbà pátápátá, lóru, o ti fọwọ́ ara ẹ fa wàhálà nìyẹn, tílẹ̀ bá mọ́ ní wọ́ọ̀dù ráúǹdù, wọ́n á bi ẹ́ níwájú gbogbo èèyàn bóyá ńṣe lo ra sátífíkéètì. Níbí, ẹni tí kì í pe registrar, ọ̀gá tó wà lábẹ́ consultant, lásìkò ni wọ́n ń bẹ̀rù. Sọ ọ́ jáde pé o máa pe medical registrar, pé SBAR lo máa fi ṣàlàyé (ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn aláìsàn, ohun tó o rí, ohun tó o fẹ́), kó o sì tètè sọ ọ́.

Ti ethics náà ńkọ́? Wọ́n lè ní wárápá gbé ọkùnrin kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì ń wakọ̀. Àwa, ìyàwó ẹ̀ la máa kọ́kọ́ pè! Rárá o, o ti tú àṣírí aláìsàn nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ ni kó o sọ fún pé kò gbọdọ̀ wakọ̀, pé òun ló yẹ kó sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, bẹ̀ ẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá ṣì kọ̀ ìwọ lè sọ fún DVLA, àmọ́ jẹ́ kó mọ̀ kó o tó sọ. Ó wà nínú ìwé GMC, ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn dókítà UK.

Tí wọ́n bá wá ní kí ló dé tó o fẹ́ IMT, jọ̀ọ́ jẹ́ kí "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀" sinmi, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. O ti rí fòníkú-fọ̀ladìde l'Ọ́ṣun ju ọ̀pọ̀ consultant ibí lọ, sọ ìyẹn! NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbí, ní ẹni tí ìrora ẹ̀ bá gbé dé ọsibítù gbọ́dọ̀ rí oògùn ìrora gbà láàárín 30 ìṣẹ́jú. Lọ wò ó ní ọsibítù yín, mélòó ló rí i gbà lásìkò, ṣe àtúnṣe kan, kó o wá padà kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, ààbọ̀ audit (àyẹ̀wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí) ni wọ́n ń gbé lọ. Tó o bá sì ń ròyìn ẹ̀, sọ èyí tí ọwọ́ tìẹ ṣe, má kàn máa ní "a ṣe, a ṣe". Wọ́n kọ́ wa nílé pé ká má yin ara wa, mo mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bá ẹ yìn ín níbẹ̀.

Fi fóònù gba ohùn ara ẹ sílẹ̀ kó o gbọ́ ọ, wàá rí i pé ò ń sáré sọ̀rọ̀. Má fi imú sọ̀rọ̀ o, ohùn Ìlọrin ẹ dáa, ṣáà rọra sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà, Ìbàdàn ni mo wà, GP, ìyẹn dókítà ìdílé, ni mo fẹ́ ṣe ní UK. Ṣé mo gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀ fún ìntáfíù ni? — Tọ́lá

Ìdáhùn: GP ò ní ìntáfíù mọ́, ìdánwò MSRA nìkan ni, kọ̀ǹpútà lo sì máa fi ṣe é. Apá Professional Dilemmas, níbi tí wọ́n ti ń bi ẹ́ ní ohun tó o máa ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó níbi iṣẹ́, ni kó o fún lákòókò jù, torí òun ló máa ń ṣe wá bí èèmọ̀. Tètè lọ bá consultant tó ti ń wo iṣẹ́ ẹ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kó bá ẹ buwọ́ lu CREST, ìwé tó fi hàn pé o ti tó wọnú ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn, torí kí November tó parí ni wọ́n sábà máa ń ti fọ́ọ̀mù.