Ẹ yé há ìpè kanji sórí: ìdáhùn lórí 生

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Oṣù kẹrin ni mò ń lọ kàwé ní Japan. Mo ra àtẹ kanji kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé tí Japan gbà láti Ṣáínà. Ẹni tó tà á ní kanji kọ̀ọ̀kan ní ìpè kan àti ìtumọ̀ kan, pé tí mo bá ti há gbogbo 2,136 sórí, mo ti mọ ìwé wọn kà nìyẹn. Àtẹ náà ní "sei" ni 生, "ìyè" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí fídíò kan tí wọ́n ti pè é ní "nama" lára bíà. Mo wo díkíṣọ́nárì, ìpè 12 ni mo bá níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ há gbogbo rẹ̀ sórí kí n tó lọ? Ṣé kí n da àtẹ náà nù ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má há ìkankan sórí nínú méjèèjìlá. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ẹni lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní kanji kan ní ìpè kan tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti gbé àṣìṣe mìíràn lé e lórí: ẹ rò pé bí kì í bá ṣe ìpè kan, a jẹ́ pé méjìlá ni ẹ gbọ́dọ̀ há. Kanji kò ní ìpè tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ ló ní ìpè. Iye 2,136 yẹn, òótọ́ ni: iye kanji tó wà nínú àkójọ ìlò ojoojúmọ́ tí ìjọba Japan gbé jáde ní 2010 nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní jōyō kanji. Àkójọ yẹn kan náà ló to ìpè 12 sí abẹ́ 生. Ẹni tó ń fi iye rẹ̀ polówó ọjà kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo 生物. Tí ẹ bá rí i lára ìwé ẹ̀kọ́ ilé ìwé girama, seibutsu ni, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Tí ẹ bá rí i lára páálí ẹja tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, namamono ni, oúnjẹ tútù tó lè tètè bàjẹ́. Ìlà kan ṣoṣo kò yàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe kọ méjèèjì. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká ló ń sọ èyí tó jẹ́, kò sí àtẹ tó lè sọ ọ́. Ẹ má sì sọ pé ó ti le jù, nítorí ẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́ lórí fóònù yín. Bí ìyá kan bá kọ "oko mi ti de lati Kano" láìfi àmì sí i, ọkọ ni ẹ máa kà. Bí dẹ́rẹ́bà bá kọ "oko mi ti baje", ọkọ̀ ni. Kò sí ẹni tó há àwọn ìpè "oko" sórí lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Àwọn ará Japan ti ní èdè tiwọn kí ìkọ̀wé Ṣáínà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fi àmì náà kọ ọ̀rọ̀ ilé wọn, wọ́n sì tún gba ọ̀rọ̀ Ṣáínà wọlé pẹ̀lú ìpè rẹ̀, bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Ìpè tó ti Ṣáínà wá ni on'yomi, tilé ni kun'yomi. 生 ní on'yomi méjì nítorí pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọlé. Shō ló kọ́kọ́ dé, ó sì wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Búdà. Sei tẹ̀lé e, nígbà tí Japan ń rán ikọ̀ lọ sí Chang'an, olú ìlú ìjọba Tang, láti ọdún 630 títí wọ ọ̀rúndún kẹsàn-án. Mẹ́wàá yòókù, tilé ni gbogbo wọn.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe mọ èyí tí ẹ ó pè? Ẹ wo ìrù rẹ̀. Àwọn hiragana (lẹ́tà Japan tó ń kọ ìró nìkan) tó tẹ̀ lé kanji, okurigana ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni láti fọ̀nà hàn yín. Bí き bá tẹ̀ lé e, i ni 生: 生きる, ikiru, kí èèyàn wà láàyè. Bí ま bá tẹ̀ lé e, u ni: 生まれる, umareru, kí wọ́n bí èèyàn. Bí え bá tẹ̀ lé e, ha ni: 生える, haeru, kí irun, eyín tàbí koríko hù. Bí kò bá ní ìrù, tó sì so mọ́ kanji mìíràn, on'yomi ni lọ́pọ̀ ìgbà, sei ló sì pọ̀ jù: sensei (先生), gakusei (学生), jinsei (人生), seikatsu (生活). Shō máa ń yọjú nínú ọ̀rọ̀ bí isshō (一生), gbogbo ìgbà ayé ẹni. Nínú tanjōbi (誕生日), ọjọ́ ìbí, ó ti di jō. Àwọn kan wà tí kò tẹ̀ lé òfin kankan, bí shibafu (芝生), pápá koríko. Ẹ má bá wọn jà, ẹ gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà.

Ní ti "ìyè" tí wọ́n kọ sí àtẹ yín, ìyẹn gan-an ló lè kó yín sí wàhálà ní ilé ìtajà. Níwájú orúkọ oúnjẹ, nama ni 生 sábà máa ń jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. 生卵 (nama tamago) ni ẹyin tí a kò sè. 生ビール ni bíà tí wọn kò fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. Ní ilé ọtí, ẹni tó bá kàn sọ "nama" ti béèrè bíà nìyẹn, nítorí náà kí ẹni tí kì í mutí má ṣe rò pé omi èso tútù lòún ń béèrè. 生ハム ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọn kò sè. Kí Mùsùlùmí fi sọ́kàn. 生クリーム kò ní ewu, kírímù lásán ni. 生チョコ ni ṣokoléètì rírọ̀ tí wọ́n fi kírímù pò, ọtí sì máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn: ẹ wá 洋酒 (yōshu) lára páálí rẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti kaki, ẹran inú ìkarahun òkun. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Èyí tí wọ́n kọ 生食用 (seishokuyō) sí ni a lè jẹ ní tútù. Èyí tó ní 加熱用 (kanetsuyō), dandan ni kí ẹ sè é jinná, bó ti wù kó dára lójú tó. Ẹ sì kíyè sí i: "tútù" ni ìtumọ̀ 生 níbẹ̀ o, síbẹ̀ sei ni ìpè rẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Tí ara yín kò bá gba irú oúnjẹ kan, ẹ bi òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kanji kan ṣoṣo.

Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ óò bá 生年月日, seinengappi, ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí yín. Ọdún ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ, ọjọ́ ló gbẹ̀yìn. Àwọn fọ́ọ̀mù kan máa ń béèrè ọdún ìjọba ọba: ẹ yọ 1988 kúrò nínú ọdún náà bí ó bá jẹ́ Heisei (平成), ẹ yọ 2018 bí ó bá jẹ́ Reiwa (令和), èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2019. Ẹni tí wọ́n bí ní 2003, Heisei 15 nìyẹn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ má méfò lórí ìwé ìjọba. Lórí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti lè rí 姓 (orúkọ ìdílé) àti 性別 (akọ tàbí abo). Ẹ wò wọ́n dáadáa: 生 wà ní apá ọ̀tún kanji kìíní nínú méjèèjì, sei sì ni méjèèjì. Ibí yìí ni mímọ ìpè ti wúlò ní tòótọ́, nítorí 生 tó wà nínú kanji mìíràn sábà máa ń fọ̀nà ìpè hàn.

Ní ti kíkọ, ìlà márùn-ún ni. Ìkíní kúrú, ó ti òkè dà sí apá òsì. Ìkejì ni ìbú ti òkè. Ìkẹta ni òòró, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ju ìbú yẹn lọ. Ìkẹrin ni ìbú àárín, ìkarùn-ún ni ìbú ìsàlẹ̀, òun ló gùn jù. Òòró gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà ìkarùn-ún, kò gbọ́dọ̀ yọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ìkarùn-ún tí òòró sì gùn wálẹ̀, 牛 ni ẹ kọ, màlúù nìyẹn. Bí ẹ bá sọ ìkíní di àmì kékeré tó dá dúró lórí, ó ti di 主. Ẹ kọ ọ́ bí ìgbà mẹ́wàá nínú ìwé tó ní àpótí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ọ́ láìwò ní ọjọ́ kejì.

Fún ìpè, ẹ gé páálí pélébé. Ẹ má kọ 生 nìkan síwájú rẹ̀ láéláé. Odidi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ, kí hiragana àti ìtumọ̀ wà lẹ́yìn. Mẹ́jọ tó fún ìbẹ̀rẹ̀: 先生, 学生, 留学生 (ryūgakusei, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun wá, ìyẹn ẹ̀yin), 生活, 誕生日, 生年月日, 生まれる, 生卵. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún tẹ̀ wọ́n lórí fóònù: tí ẹ bá tẹ "sei" nìkan, kanji rẹpẹtẹ ló máa jáde, tí ẹ bá tẹ "gakusei" tán, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ló máa ṣáájú.

Àtẹ tí ẹ rà ńkọ́? Ẹ wo bí ó ṣe to ìlà 生. Bí òòró bá jẹ́ ìkẹta, ìlànà Japan ni, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ẹ máa fi kọ́ kíkọ, kí ẹ fi pépà bo ibi tí ìpè wà. Bí ìbú àárín bá ṣáájú òòró, àtẹ àwọn tó ń kọ́ èdè Ṣáínà ni wọ́n tà fún yín. Ẹ gba owó yín padà.