Ta Ló Ń Ṣà Nínú Àṣàyàn Àdánidá?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni “àṣàyàn àdánidá”? Ta ló ń ṣà, ta ló sì ń yàn? Ṣé ara ẹranko àti igi nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ibi tó lójú gan-an lẹ fọwọ́ kàn. Ṣíṣà àti yíyàn ló para pọ̀ di àṣàyàn, nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ ọ, ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa nǹkan ló ń wá sí wa lọ́kàn. Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lọ́dún 1859. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nǹkan ń bí irú ara rẹ̀: bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Síbẹ̀, ìjọra náà kì í pé tán. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí ọ̀nà bí tiwọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì wà lára ohun tó ń fà á. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ìyípadà á máa wáyé fúnra rẹ̀; òun là ń pè ní àṣàyàn àdánidá. Ẹ wò ó dáadáa: a ò dárúkọ ẹ̀jẹ̀, a ò dárúkọ ẹran ara, nítorí náà kì í ṣe ara ẹranko àti igi nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àfọwọ́kọ ayé àtijọ́, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé. Adàwékọ gbójú sókè, ó tún wo ìwé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà mìíràn tó parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì fo gbogbo ohun tó wà láàárín. Ẹni tó bá da tirẹ̀ kọ ti jogún àlàfo yẹn nìyẹn. Irú àṣìṣe báyìí ni àwọn onímọ̀ ń tọ̀ lẹ́yìn títí wọ́n á fi mọ ìwé tó bí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì ṣàjèjì, adàwékọ sábà máa ń fi èyí tó mọ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tó rọrùn á sì máa tàn kálẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2006, NASA, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, fi àwọn sátẹ́láìtì kékeré tó ń jẹ́ ST5 ránṣẹ́ sí òfuurufú. Kọ̀ǹpútà ló “bí” áńtẹ́nà kan tó wà lára wọn: ó ń dán oríṣiríṣi wáyà títẹ̀ wò, ó ń fi èyí tó ṣe dáadáa bí òmíràn, ìran lé ìran. Ènìyàn ló gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnjiníà tó ya wáyà wíwọ́ yẹn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní àṣàyàn ló jẹ́ kí olówó borí tálákà, ẹ bi í pé: kí ló bí kí, kí ni ọmọ sì jogún? Ìràwọ̀ pàápàá ń yí padà, òmíràn ń kú, òmíràn ń pẹ́. Ṣùgbọ́n kì í bí ọmọ tó jọ ọ́. N ò ní pe tirẹ̀ ní àṣàyàn.