Ẹ Bi Ìyá Aláró: Ohun Tí Mo Kọ́kọ́ Rí ní Ṣáínà

Láti ìgbà tí mo ti ta á létí yín nínú ìwé ìròyìn yìí pé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ sí Ṣáínà lóṣù kẹwàá, lẹ́tà ò jẹ́ n gbádùn mọ́. Wọ́n ń kó o wá bá mi ní ìsọ̀ àdìrẹ mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, bí ẹni ń kó aṣọ ẹlẹ́gbin wá fún alágbàfọ̀. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa obìnrin mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ alájọ wa ń tu owó jọ láti lọ ra ọjà ní Ṣáínà. Ọkọ mi ní kí n dá lọ, pé bí obìnrin mọ́kànlá bá jọ wọ bààlúù kan, ìjà ni wọn yóò bá bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹgbẹ́ lọ, kí ni ojú yín kọ́kọ́ rí? Ṣé ọkọ mi ló jàre? — Ìyá Ìbejì, Ìta Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ìbejì. Ìjà wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì gan-an, àmọ́ kì í ṣe ara wa la bá jà, ọ̀gbẹ́ni tó bá wa ṣètò ìrìn àjò náà ni.

Ó gbowó lọ́wọ́ àwa mẹ́rìnlá, obìnrin mẹ́wàá, ọkùnrin mẹ́rin, pé òun ń mú wa lọ sí ọjà ńlá Guangzhou tí gbogbo ayé ń pè ní Canton Fair. Ọjà yìí ti wà láti ọdún 1957, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ná an lọ́dún, nígbà tí òtútù bá lọ tán níbẹ̀ àti nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àti pé ohun tí wọ́n ń tà ní ìpín kan, o ò ní rí i ní ìpín kejì. Ìpín kẹta ni aṣọ wà, nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ. Ìpín kìn-ín-ní, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, ni ọ̀gá wa kó wa wọ̀. Ẹ wo àwa oníṣòwò aṣọ láti Ìtòkú láàárín jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi, bátìrì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi. A rìn títí ẹsẹ̀ wú. Aṣọ kan ṣoṣo tí mo rí lọ́jọ́ náà ni èyí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè pé ìpín wo ni.

Ní ti ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí, ojú kọ́ o, etí ni. A jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, títì kún fọ́fọ́ fún ọ̀kadà, n ò sì gbọ́ nǹkan kan. Bátìrì ni wọ́n fi ń gùn ún, kì í dún, kì í rú èéfín. Ní Pánsẹ́kẹ́ tiwa nílé, etí lèèyàn fi ń sọdá títì, ojú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí ẹ bá dán ìyẹn wò ní Guangzhou, wọ́n á gbé yín. Alhaja wa ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí ọmọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fìì, tó fa etí ìró rẹ̀ lọ díẹ̀. Kò sí fèrè, kò sí èébú. Alhaja ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ba òun lẹ́rù.

Ẹ̀kejì ni ìka. Nígbà tí Canton Fair kò já mọ́ nǹkan fún wa, ọjà aṣọ Zhongda la sá lọ, nínú ìlú Guangzhou náà. Ẹ ò ní rí ìparí ọjà yẹn lọ́jọ́ kan. Obìnrin tí Ìyá Rẹ̀mí, ọ̀kan nínú wa, ń bá ná léèsì na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín sókè, ó ká ìka mẹ́ta tó kù mọ́lẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí rò pé ó ní kí òun pe òun lórí fóònù ni, ló bá ń kọ nọ́mbà rẹ̀ sínú ìwé fún un. Àṣé mẹ́fà ni ìyá yẹn ń wí! Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń ka ení títí dé ẹ̀wá. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tí wọ́n nà bí ìbọn, ẹ̀jọ nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó lọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n á tì sí yín lójú lọ, nítorí wọ́n á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe àlejò àná.

Ẹ̀kẹta, owó. Yuan ni wọ́n ń ná, 100 ni bébà tó tóbi jù, Mao Zedong ló wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá nà án sí wọn wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ wò yín bí ẹni tó kó owó ẹyọ wá. Bàbá tó ń ta ọ̀dùnkún sísun lẹ́bàá títì gbé káàdì kan kọ́ ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmì QR dúdú-funfun tó rí bíi wàìwáí ló wà lára rẹ̀. Wọ́n á na fóònù sí i, owó ti wọlé nìyẹn. Nínú àwa mẹ́rìnlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni Alipay, ètò tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù, gbà láti ṣiṣẹ́ fún. Òun ló ń san fún gbogbo wa, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bí alájọ. Ìyá Rẹ̀mí ṣì jẹ ẹ́ lówó ọ̀dùnkún méjì títí di òní.

Láti Èkó la ti fún ara wa ní nọ́mbà. Kí a tó kúrò níbikíbi, a ó kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀rìnlá. Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á máa fi fóònù ya wá. Ọjọ́ tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kunming ní ìpínlẹ̀ Yunnan, wọ́n kà dé ẹ̀wá, ọ̀kanlá ò dáhùn. Èmi ni ọ̀kanlá. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ yẹ ẹrù wò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin wọn bíi ti pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì ti rí àlùmọ́gàjí nínú àpò mi. Òun ni mo fi ń gé tẹ́ru láti ọdún 1998, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé n ò rántí pé irin ni. Ọmọbìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ fà á, mo fà á. Ọkọ̀ wọn kì í dúró de ọba, ìṣẹ́jú mélòó kan sí àkókò ni wọ́n ti ń ti géètì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sáré padà wá, ó ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù, mo sọ ọ́, fóònù yí i sí èdè wọn. Ọmọbìnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ju àlùmọ́gàjí sínú àpótí. N kò tíì mọ ohun tí fóònù yẹn bá mi sọ. Ká ní èmi nìkan ni mo lọ ni, bóyá a ṣì wà níbẹ̀ tí à ń fà á.

WhatsApp, Facebook, Google, kò sí èyí tó ṣí lórí nẹ́tíwọ̀kì wọn. Ẹ ti gbé WeChat, èyí tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, sórí fóònù láti ilé, kí gbogbo yín sì ti mọ ara yín níbẹ̀. Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Agogo méje àárọ̀ ni mo pe bàbá ilé pé mo ti jí. Òru ọ̀gànjọ́ ló bá a lórí ibùsùn, ó rò pé wọ́n fẹ́ túfọ̀ fún òun ni.

Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ó jàre díẹ̀. Ẹ bá ẹgbẹ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ gun odi ńlá tó lókìkí ní Ṣáínà? Báwo ló ṣe ga tó? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè Ìlẹ̀wọ́.

ÌDÁHÙN: N ò fojú kàn án, ọmọ mi. Ẹ̀bá Beijing ni ibi tí àlejò ti máa ń gùn ún wà. Láti Guangzhou sí Beijing lé ní kìlómítà 2,200, bíi wákàtí mẹ́jọ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń sá 300 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tiwa tí àwọn ará Ṣáínà bá wa kọ́ ọ̀nà rẹ̀, èyí tó ń yà ní Láderin, kìlómítà 157 ni gbogbo rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun lọ ra ọjà ní Guangzhou, òun sì yà gun odi náà nírọ̀lẹ́, bi í léèrè dáadáa. Ìwọ náà, ìgbà wo lo gun Olúmọ gbẹ̀yìn?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, èmi náà ń rẹ aró ní Kémta. Ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà ti sọ iṣẹ́ wa di yẹpẹrẹ. Ṣé ẹ dójú tì wọ́n nígbà tí ẹ débẹ̀? — Ọmọ Aláró.

ÌDÁHÙN: Láti Abẹ́òkúta ni mo ti múra èébú sílẹ̀, kí n má parọ́ fún ọ. Ní Zhongda, mo rí i lóòótọ́: àwòrán àdìrẹ Olókun wa, gbogbo ojúlé rẹ̀ pé, lórí aṣọ ọlọ́ràá tó ń dán, ìdì lé ìdì. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé ta ló fún un ní àwòrán yìí. Kò bínú. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó fi ohun tí oníbàárà rẹ̀ fi ránṣẹ́ hàn mí. Àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ògiri kan tí ọ̀dà pupa ti ń ṣí lára rẹ̀, gọ́tà, àti ilẹ̀kùn páànù aláwọ̀ ewé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà.

Ọmọ mi, mo mọ ògiri yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá. Èébú bá yọ́ mọ́ mi lẹ́nu. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni ògiri ń ka ojú ìwé yìí.

Nítorí pé ọjọ́ ṣì kù nílẹ̀, tí ọkàn wa sì ti dàrú, ọ̀kan nínú wa ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń rẹ aró ní ìpínlẹ̀ Yunnan. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kunming, ó tún gbà wá ní bíi wákàtí méjì láti ibẹ̀ dé Dali. Lẹ́bàá adágún Erhai níbẹ̀, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Zhoucheng, àwọn ẹ̀yà Bai ló ń gbé e. Òkè ńlá wà lẹ́yìn wọn, òtútù sì wà. Gèlè ni mo fi borí. Kí a tó dé agbo ilé tí wọ́n mú wa lọ ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ìwọ náà mọ òórùn tí mò ń wí, èyí tí kì í tán lára aláró bó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Àwa ní ìkòkò, àwọn ní àgbá onígi tó ga dé àyà mi. Àwa ní ẹ̀lú, àwọn ní ewé kan tí wọ́n ń pè ní banlangen. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń fi sí i níbi tí àwa ti ń lo omi eérú. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó lórí àpótí kékeré, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ funfun, ó ń fa okùn rẹ̀ pọ̀ títí aṣọ fi ká jọ bí ìgbín. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ gan-an! Ìyá mi ì bá sọ pé ọmọ iṣẹ́ òun ni. Mo lọ sídìí àgbá, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n láti mọ̀ bó ti ṣe kan tó. Àwọn ọ̀dọ́ tó mú wa lọ pariwo. Ìyá yẹn kò pariwo. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí a wá ń sọ̀rọ̀ ni mo mọ̀ pé ohun tó ń bí ọ nínú ló ń bí òun náà. Àwọn ìsọ̀ ojú ọ̀nà fi aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kọ́ síta, wọ́n ń tà á fún àlejò pé ọwọ́ ló ṣe é. Ó mú méjì wá, ó yí ẹ̀yìn wọn síta fún wa: ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá, aró kò wọ̀ ọ́ dénú, èkejì, iwájú kan náà, ẹ̀yìn kan náà, ojú abẹ́rẹ́ sì ṣì wà lára rẹ̀ tí o bá gbé e sí oòrùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mi. Kí ó tó bi mí ní iye, mo ti yí i padà fún un. Àwọn kan ṣì ń lọ ra ti ẹ̀rọ, nítorí owó rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gbé ẹran díndín àti pọ̀nmọ́ dání lọ sí Ṣáínà? Wọ́n ní ejò ni wọ́n ń jẹ. — Bàbá Ẹlẹ́ran, Làfẹ́nwá.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ẹran yín sílẹ̀ ní Làfẹ́nwá, bàbá. Wọn ò gba ẹran wọlé, wọn ò gba èso tútù. Ejò ò sì sí lórí tábìlì wa. Tábìlì róbótó ni, gíláàsì kan ń yí lórí rẹ̀, oúnjẹ á máa yí kiri. Bí ẹja bá dé iwájú yín tí ẹ ń rò ó, ó ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ adìyẹ tí àwọn èèyàn ń fi ṣẹ̀rù ba ara wọn, kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ohun tó ṣòro fún mi ni omi. Omi gbígbóná ni wọ́n ń mu, nínú ooru, nínú ọkọ̀ ojú irin, níbi gbogbo. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lára ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Alhaja tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí ilé oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí wọn, tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ síwájú, tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ fa ìyẹ̀fun di okùn gígùn sínú omi ọbẹ̀ màlúù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló mú wa padà síbẹ̀.

Alhaja kan náà yìí ló gbé láfún kílò mẹ́ta dání láti ilé. Ìyẹ̀fun funfun, nínú ọ̀rá, wọn ò kọ nǹkankan sí i lára, ó ti Nàìjíríà wá. Àwa mẹ́rìnlá dúró bíi wákàtí kan ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ, wọ́n bù ú sórí bébà, wọ́n pe ọ̀gá wọn, ọ̀gá pe ọ̀gá. Níkẹyìn wọ́n mú ajá wá. Ajá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú, ó bá tirẹ̀ lọ. Alhaja ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé kì í ṣe ajá Ẹ̀gbá.