Fọ́tò lórí láptọ́ọ̀pù, fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Fọ́tò ìnáwó ni mo ń yà. Mo ní láptọ́ọ̀pù tí mo ń gbé ròde, kọ̀ǹpútà kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Linux ló wà lórí méjèèjì. Fláàṣì ni mo fi ń kó fọ́tò láti ọ̀kan sí èkejì, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó jẹ́ tuntun mọ́. Kí ni kí n ṣe?
Ayàwòrán, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: rsync ni kí ẹ lò, ètò tó ń kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde ní 1996, mi ò sì tíì rí èyí tí mo fọkàn tán jù ú lọ fún irú iṣẹ́ yìí. Fáìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn bá dọ́gba lápá méjèèjì, kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ tan SSH sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù (òun ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan fi ń wọlé sí òmíràn láìséwu). Bí méjèèjì bá wà lórí Wi-Fi kan náà, kò ní jẹ dátà yín rárá. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ èyí (ẹ fi orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rọ́pò soobu, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ lórí Wi-Fi rọ́pò 192.168.1.20):

rsync -avn ~/Foto/ soobu@192.168.1.20:Foto/

Lẹ́tà n tó wà nínú -avn yẹn ni kí ẹ dì mú. Ó máa to ohun tí rsync fẹ́ ṣe sílẹ̀ fún yín, kò sì ní ṣe é. Ẹ kà á dáadáa. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ n kúrò, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ má gbàgbé ilà (/) tó tẹ̀lé Foto àkọ́kọ́. Láìsí i, inú Foto ti ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó ti bá Foto mìíràn.

Wọ́n lè sọ fún yín pé kí ẹ fi --delete kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tí kò bá sí lórí láptọ́ọ̀pù, ṣe ló máa pa á rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa fọ́tò rẹ́ kí àyè lè wà fún òde tó ń bọ̀, gbogbo ìgbéyàwó ọdún tó kọjá lè lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa tún ìgbéyàwó ṣe nítorí fọ́tò.

Apá kan ṣoṣo ni àṣẹ yìí ń kó ẹrù sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, Unison, ètò mìíràn tó ń mú kí apá méjèèjì bára mu, ló yẹ yín: bí fáìlì kan bá yí padà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, á béèrè èyí tí ẹ fẹ́.

Tí iná bá sì lọ lágbedeméjì, ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀, ohun tó kù nìkan ló máa kó. Fún fídíò ńlá, ẹ ti fi -P kún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìdajì tó ti dé má bàa ṣòfò.