Ẹsẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dí: ṣé stem cell lè rọ́pò iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọdún 65, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti dí. Egbò àtàǹpàkò wọn kò jinná láti oṣù méjì, ìrora kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Dókítà wọn ní iṣẹ́ abẹ ni. Ilé ìtọ́jú kan wá sọ pé táwọn bá fa stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì míì, sí wọn lápá, iṣan tuntun á hù. Ṣé ká gbé wọn lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí stem cell dá iṣẹ́ abẹ yẹn dúró. Egbò tí kò jinná, tí ìrora tún ń jí èèyàn lóru, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó gbé ẹran ara ró mọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fi dúró de iṣan tuntun lè mú ẹsẹ̀ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín kò ṣàdédé wá. Ní 1997, Takayuki Asahara, Jeffrey Isner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó jọ pé wọ́n lè di irú sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 2002, àwọn dókítà ní Japan gbé ìròyìn jáde pé àwọn fa nǹkan bí 500 ml mùdùnmúdùn látinú egungun ìbàdí aláìsàn, àwọn ṣa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, àwọn sì gún un padà sí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ní nǹkan bí ojú 40. Ìrora dín kù. Ìrètí wá ga.

Àfi ìgbà tí wọ́n fi í wé ohun tí kò ní sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn nínú. Aláìsàn 160 ló kópa ní Netherlands. Wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì sí iṣan itan àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fa omi tó jọ ọ́ sí tàwọn yòókù, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èyí tí wọ́n fún un. Èsì jáde ní 2015: sẹ́ẹ̀lì náà kò dín iye àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ kù. Ara tu àwọn tí kò gba sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú! Ìtọ́jú egbò àti oògùn déédéé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ká wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí fídíò ẹnì kan tó ní ẹsẹ̀ òun ti san kò fi tó ẹ̀rí.

Ìtọ́jú tó ń lo jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tó máa ṣe, náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n á gún jíìnì tó ń mú kí iṣan hù, bíi VEGF, FGF tàbí HGF, sí ẹran ẹsẹ̀. Wọ́n dán FGF wò lára aláìsàn 525, èsì rẹ̀ jáde ní 2011: kò dín ẹsẹ̀ gígé tàbí ikú kù. Japan fọwọ́ sí ti HGF pẹ̀lú àdéhùn ní 2019, ó sì kúrò lọ́jà ní 2024.

Kí ló fà á? Iṣan itan tó dí fẹ̀ tó milimítà márùn-ún sí mẹ́fà. Èyí tí VEGF máa ń hù tín-ín-rín ju irun orí lọ, ara rẹ̀ sì máa ń jò, ẹsẹ̀ a sì wú. Èèyàn kì í fi ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó rọ́pò títì márosẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún máa ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà sì lè ti ba tinú mùdùnmúdùn Bàbá jẹ́ kí wọ́n tó fà á. Èyí tí wọ́n bá fà sí wọn lápá, inú ẹ̀dọ̀fóró ni púpọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ há sí. Ìyẹn nìkan tó láti kọ ohun tí ilé ìtọ́jú yẹn fẹ́ ṣe.

Ohun tó ti yọrí sí rere ni iṣan tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì èèyàn hun ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n wá fọ sẹ́ẹ̀lì náà kúrò lára rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2024, àmọ́ iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe irú ti Bàbá.

Ẹ bi dókítà wọn ní nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn jẹ́ mélòó? Ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí iṣan ọrùn ẹsẹ̀ le gan-gan, kí ìfúnpá ibẹ̀ máa dà bíi pé ó dára nígbà tí kò dára. Tí ti àtàǹpàkò bá wà lábẹ́ 30 mmHg, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú. Èkejì, ṣé wọ́n ti ya skáànù iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, tó gba inú itan lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n máa fi ń ṣe bypass, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tó ń la ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí? Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé bí iṣan yẹn bá dára, bypass sàn ju bàlúùnù tí wọ́n ń fi fẹ iṣan tó dí lọ. Bí kò bá dára, bàlúùnù náà kò burú.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí Bàbá wọ ìwádìí, ìyẹn lè wáyé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tòótọ́ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ó ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, kì í sì í gba owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn.

Ní báyìí, kí wọ́n má jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà kọ fún wọn, kí wọ́n má mu sìgá, kí wọ́n má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, nítorí ó lè jó wọn kí wọ́n má mọ̀. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ ìka lójoojúmọ́. Bí ọmọ ìka bá dúdú, tí egbò ń rùn, tàbí tí ibà bá dé, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.